Ìtàn Iṣẹ́ Ikọ̀ àti Ìmọ̀ Ìbáṣepọ̀ Orílẹ̀-Èdè sí Orílẹ̀-Èdè: Ohun tí Ọ̀kan Ń Rí Gbà lọ́wọ́ Èkejì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìbátan tó wà láàrin ìmọ̀ méjì. Èkíní ni ìtàn iṣẹ́ ikọ̀, èyí tó ń tọpa bí àwọn ìjọba ṣe ń rán aṣojú sí ara wọn, bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà àti bí wọ́n ṣe ń tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Èkejì ni ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, èyí tó ń wá àlàyé gbogboogbò fún ìwà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń hù sí ara wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ti àná ni èkíní, ti òní ni èkejì, àti pé èèyàn lè mú ọ̀kan kí ó pa ìkejì tì. A fi àpẹẹrẹ mẹ́ta ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀: wàhálà ohun ìjà olóró ní Kúbà lọ́dún 1962, àdéhùn tí wọ́n fi wá òpin sí ogun Kírìjì lọ́dún 1886, àti ẹjọ́ Bàkásì tí ilé-ẹjọ́ àgbáyé dá lọ́dún 2002. Èrò wa ni pé àkọsílẹ̀ ló ń tún tíọ́rì ṣe, tíọ́rì ló ń bi àkọsílẹ̀ léèrè, àti pé ibi tí a bá ti ya méjèèjì nípa, aráàlú ló ń san gbèsè rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀: ikọ̀, ìwé àdéhùn, tíọ́rì, àkọsílẹ̀, onígbọ̀wọ́, ààlà

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí kò sọ pé kí àgbà má rìn mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé àgbà fẹ́ mọ ohun tó gbé òun ṣubú kí ó tó gbé ẹsẹ̀ mìíràn. Ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ètò ìjọba àti ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé òwe yìí kò tíì wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n á ní, “Kí ló kàn wá nínú ìwé tí àwọn òyìnbó tọwọ́ bọ̀ ní 1913? Ẹ kọ́ wa ní tíọ́rì, kí a lè fi ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí.” Bákan náà ni a máa ń rí àwọn onítàn tó ń fojú kékeré wo tíọ́rì, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ àfẹnusọ lásán ni.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún wa ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ olùkọ́. Fún ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi yọ ìmọ̀ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí ó padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó síwájú wa lónìí, àárín àsìkò yẹn ni wọ́n ka ìwé. Àwọn náà ni yóò lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí wọn kò bá mọ ibi tí tíọ́rì ti ṣẹ̀ wá, wọn yóò kàn há a sórí ni, wọn yóò sì gbé e lé àwọn ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀.

2. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Nínú iṣẹ́ yìí, a pe ìmọ̀ àkọ́kọ́ ní ìtàn iṣẹ́ ikọ̀. Ikọ̀ kì í ṣe ìránṣẹ́ lásán láyé àwọn baba wa. Ẹni tí ọba rán sí ọba ni. Ó lè gbé àrokò dání, ó lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ó sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò sọ àti èyí tí yóò gbé mì. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Òwe méjèèjì fi hàn pé iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀ wa pẹ́, kí a tó mọ orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é. Onítàn iṣẹ́ ikọ̀ ni ẹni tó ń wá lẹ́tà, ìwé àdéhùn, ìròyìn aṣojú ìjọba àti ìwé ìrántí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, kí ó lè mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, ìgbà tó mọ̀ ọ́n, àti ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe.

Ìmọ̀ kejì, ìyẹn ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ń béèrè ìbéèrè tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí ogun fi ń ṣẹlẹ̀? Ìgbà wo ni àdéhùn máa ń dúró, ìgbà wo ni ó máa ń tú? Ṣé agbára nìkan ni àwọn orílẹ̀-èdè ń bẹ̀rù, àbí wọ́n tún ń bọ̀wọ̀ fún òfin? Idáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní tíọ́rì. Tíọ́rì kò bìkítà púpọ̀ nípa orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà. Ohun tó jọra láàrin ọgọ́rùn-ún lẹ́tà ló ń wá.

3. Bí ìmọ̀ méjèèjì ṣe jọ bẹ̀rẹ̀ àti bí ọ̀nà wọn ṣe pín

Ọmọ ìyá ni ìmọ̀ méjèèjì yìí. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, tí àwọn èèyàn ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe tí irú rẹ̀ kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ni wọ́n dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ fún ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní Aberystwyth, ní ilẹ̀ Wales, lọ́dún 1919. Alfred Zimmern tó kọ́kọ́ jókòó lórí àga náà jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́. Charles Webster tó tẹ̀ lé e jẹ́ onítàn iṣẹ́ ikọ̀ gan-an, ẹni tó gbajúmọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìpàdé Vienna àti lórí Castlereagh. Nígbà tó yá ni àga náà kan E. H. Carr, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1939, The Twenty Years’ Crisis, di ọ̀kan lára àwọn ìwé ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ìtàn ogún ọdún tó tẹ̀ lé ogun ló fi gbé e kalẹ̀.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Hans Morgenthau, nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1948, ṣì ń fa àpẹẹrẹ rẹ̀ yọ láti inú ìtàn, ṣùgbọ́n òfin tí kì í yí padà ló ń wá. Nígbà tó fi máa di ọdún 1979 tí Kenneth Waltz kọ Theory of International Politics, ètò tó wà láàrin àwọn alágbára ayé ló gbájú mọ́. Ẹni tó jẹ́ ọba àti ohun tí ọba ń rò kò jẹ́ nǹkan pàtàkì mọ́. Àwọn onítàn náà bínú, wọ́n ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé èèyàn. Báyìí ni ìmọ̀ méjì tó jọ jáde láti inú ilé kan náà ṣe di ará àdúgbò tí kì í kí ara wọn. Àwọn àpẹẹrẹ mẹ́ta tó tẹ̀ lé èyí yóò fi ohun tí ìyapa yìí ń gbà lọ́wọ́ wa hàn.

4. Àpẹẹrẹ kìíní: Kúbà, ọdún 1962, àti bí àkọsílẹ̀ ṣe tún tíọ́rì ṣe

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1962, wọ́n fi àwòrán han Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà pé ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń gbé ohun ìjà olóró kalẹ̀ ní erékùṣù Kúbà. Ní ọjọ́ 22, Kennedy sọ fún gbogbo ayé lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn yóò fi ọkọ̀ ogun yí Kúbà ká. Ní ọjọ́ 28, Khrushchev kéde pé òun yóò kó àwọn ohun ìjà náà padà. Ọjọ́ 13 péré ni, ṣùgbọ́n ayé kò tíì súnmọ́ ìparun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtàn tí gbogbo èèyàn gbọ́ nígbà náà ni pé Kennedy dúró gbọn-in, kò gbà kankan, Khrushchev ló sá. Láti inú ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ ti fa ẹ̀kọ́ yọ: pé bí alágbára bá kojú alágbára, ẹni tó bá le jù ni yóò borí, àti pé ẹni tó bá fi ohun kan sílẹ̀ ti kú nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ, òṣèlú náà sì kọ́ ọ.

Àwọn onítàn ló wá tú u wò. Bí àkọsílẹ̀ ṣe ń jáde, ó hàn pé ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, Robert Kennedy, àbúrò Ààrẹ, pàdé Dobrynin tó jẹ́ aṣojú ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní Washington. Ó sọ fún un pé Amẹ́ríkà yóò kó àwọn ohun ìjà Jupiter tirẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì kúrò láàrin oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde síta. Ohun ìjà 15 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kó wọn kúrò ní 1963. Ìwé tí Robert Kennedy kọ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1969 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Theodore Sorensen, tó bá a tún ìwé náà ṣe, jẹ́wọ́ ní ìpàdé kan ní Moscow lọ́dún 1989 pé òun ni òun yọ bí àdéhùn náà ṣe ṣe kedere tó kúrò nínú rẹ̀. Lọ́dún 1997, wọ́n tẹ ohun tí Kennedy fi ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ nínú yàrá ìpàdé jáde sínú ìwé, gbogbo ayé sì rí i pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé pàṣípààrọ̀ ohun ìjà Tọ́kì pẹ̀lú ti Kúbà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè kọ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ ẹnìkan ni àwọn onítíọ́rì gbọ́ fún nǹkan bí ọdún 25, wọ́n sì ti dá a. Nígbà tí ẹjọ́ ẹnìkejì dé, ìdájọ́ yí padà: kì í ṣe líle nìkan ló gba ayé là, líle lójú ayé àti gbígbà ní kọ̀rọ̀ ló jọ ṣe é. Graham Allison, tó kọ ìwé tíọ́rì tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1971, ní láti tún un kọ pẹ̀lú onítàn Philip Zelikow lọ́dún 1999. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí tíọ́rì ń rí gbà lọ́wọ́ ìtàn iṣẹ́ ikọ̀. Tíọ́rì tí a kọ́ sórí ìròyìn tí ìjọba fẹ́ kí a gbọ́ dà bí ilé tí a kọ́ sórí iyanrìn.

5. Àpẹẹrẹ kejì: Kírìjì, ọdún 1886, àti bí tíọ́rì ṣe ń bi àkọsílẹ̀ léèrè

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Láti 1877 ni ogun tí a wá ń pè ní Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ìbàdàn wà ní apá kan. Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé Ìlẹ́ṣà jẹ́ olórí ogun wọn, wà ní apá kejì. Ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn àti ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ìlú abẹ́ wọn wà lára ohun tó dá a sílẹ̀. Ìró ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Àkọsílẹ̀ ogun yìí pọ̀. Samuel Johnson, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, wà lára àwọn ikọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Òun ni Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fi lẹ́tà rán sí Gómìnà ní Èkó lọ́dún 1881 pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá bá àwọn parí ìjà. Òun àti Charles Phillips ni Gómìnà Moloney tún rán sí àgọ́ méjèèjì lọ́dún 1886. Johnson kọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́nà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú ohun tó kù, ó sì jáde ní 1921.

Onítàn lè ka gbogbo èyí, kí ó to ọjọ́ àti orúkọ jọ dáadáa, síbẹ̀ kí ìbéèrè kan má wá sí i lọ́kàn. Ogun ti sú àpá méjèèjì. Ààrẹ Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Oúnjẹ ń wọ́n, òwò dúró. Kí ló dé tí wọn kò lè fẹsẹ̀ ara wọn tú ká? Ibí ni tíọ́rì ti wúlò. Àwọn onímọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè ti ṣàkíyèsí pé ohun tó ń fa ogun gùn kì í sábà jẹ́ ìkórìíra. Ohun tó ń fà á ni pé kò sí ẹni tó lè kọ́kọ́ sọ ohun ìjà kalẹ̀. Bí èmi bá tú àgọ́ mi lónìí, kí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ìwọ kò ní lé mi bá lọ́nà? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán láìsí onígbọ̀wọ́.

Nígbà tí a bá fi ìbéèrè yìí sọ́kàn tí a tún àkọsílẹ̀ kà, ohun tí a ti fojú fò tẹ́lẹ̀ á wá hàn. Àá rí i pé ibi tí ikọ̀ ti ń ṣe wàhálà jù kì í ṣe lórí ẹni tó jàre, bí kò ṣe lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣípò àti ẹni tí yóò dúró láàrin nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Àá tún rí ìdí tí àdéhùn oṣù kẹfà ọdún 1886 fi dúró ní ibì kan tó sì yẹ̀ ní ibòmíràn. Àdéhùn náà fún àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní òmìnira, ó fi ìlú mẹ́rin, tí Ìgbájọ wà lára wọn, sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ó sì ní kí Aláàfin àti Ọwá Iléṣà máa ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bíi ti àtijọ́. Ẹ wo bí ipò láàrin ọba méjì ṣe di ọ̀rọ̀ ẹbí nínú ìwé àdéhùn. Tíọ́rì tí a kọ́ láti ilẹ̀ Yúróòpù nìkan kò ní ibi tí yóò gbé irú rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà, ogun tiwọn pẹ̀lú Ìbàdàn ní ọ̀nà Ọ̀fà sì ń lọ. Apá tó ní kí àwọn Mọ́dákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tí wọ́n wà kò ṣeé mú ṣẹ. Nítorí náà, àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí Gómìnà Carter fi wá ní 1893.

Ìtàn náà tún kọ́ tíọ́rì ní nǹkan padà. Ìwé tíọ́rì máa ń sọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ bí ẹni pé kò ní ìfẹ́ inú tirẹ̀. Ìjọba Èkó ní tirẹ̀: wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà òwò ṣí. Ní 1893 kan náà tí ogun parí ni Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n pè wá ṣe onígbọ̀wọ́ ló di onílé.

6. Àpẹẹrẹ kẹta: Bàkásì, níbi tí ìmọ̀ méjèèjì ti pàdé nílé-ẹjọ́

Bí àpẹẹrẹ kìíní àti ìkejì bá dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé, ẹ̀kẹta kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar àtijọ́ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jókòó, wọ́n fa ààlà, wọ́n sì fi Bàkásì sí apá ti Jámánì, ìyẹn Kamẹrúùnù. Nígbà tí Kamẹrúùnù gbé Nàìjíríà lọ sí ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague lọ́dún 1994, ìwé méjì yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí.

Àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní èèyàn kì í fún ẹlòmíràn ní ohun tí kò jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní àdéhùn 1884 kò sọ pé kí Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀, ààbò ló ní kí ó ṣe. Nítorí náà kò ní àṣẹ láti fi ilẹ̀ àwọn ọba Calabar ta Jámánì lọ́rẹ. Ilé-ẹjọ́ kò gbà. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé lẹ́yìn 1884 àwọn ọba náà kópa gẹ́gẹ́ bí ìjọba tó dá dúró nínú ọ̀rọ̀ tó kan ẹjọ́ náà. Nàìjíríà sọ pé àwọn ọba Calabar rán ikọ̀ lọ sí London ní 1913. Ilé-ẹjọ́ dáhùn pé ọ̀rọ̀ ohun ìní ilẹ̀ ni ikọ̀ náà bá lọ, kò sì fi wọ́n hàn bí ìjọba láàrin àwọn ìjọba. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, wọ́n dájọ́ pé Kamẹrúùnù ló ni Bàkásì.

Ohun méjì ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí níbí. Èkíní, ìtàn iṣẹ́ ikọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òkú. Ohun tí ikọ̀ kan sọ tàbí tí kò sọ ní London ní 1913 di ẹ̀rí tí wọ́n fi pinnu orílẹ̀-èdè tí apẹja kan yóò máa san owó orí fún ní ọdún 90 lẹ́yìn náà. Bákan náà ni ìwé tí ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kọ sí Kamẹrúùnù ní 1962 di ohun tí wọ́n tún kà sí i lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ láàrin ìgboro ni pé Ọ̀gágun Gowon ló fi Bàkásì tọrẹ nítorí ogun abẹ́lé. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ yóò mọ̀ pé àdéhùn tí Gowon àti Ahidjo ṣe ní Maroua ní oṣù kẹfà ọdún 1975 dá lórí ààlà orí omi. Ilé-ẹjọ́ kà á mọ́ ẹ̀rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n 1913 ni gbòǹgbò ìdájọ́ náà. Kò yẹ kí olùkọ́ fi àròsọ ìgboro kọ́ ọmọ nígbà tí ìwé wà nílẹ̀.

Èkejì, àkọsílẹ̀ nìkan kò lè ṣàlàyé ohun tó tẹ̀ lé e. Nàìjíríà lágbára ju Kamẹrúùnù lọ ní ti iye ọmọ ogun àti iye èèyàn. Tíọ́rì tó gbà pé agbára nìkan ló ń ṣe é yóò sọ pé Nàìjíríà kò ní kúrò. Ó kúrò. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Biya tọwọ́ bọ àdéhùn Greentree, Kofi Annan wà níbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008, wọ́n fa ohun tó kù lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́. Onímọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè yóò ní kí a wo òfin tí àwọn olórí Áfíríkà fẹnu kò sí ní Cairo lọ́dún 1964 pé kí kálukú bọ̀wọ̀ fún ààlà tó bá nígbà òmìnira. Bí Nàìjíríà bá ya ìwé 1913 dànù, ìwé wo ni yóò fi di àwọn ààlà rẹ̀ yòókù mú? Onígbọ̀wọ́ tí a rí ní Kírìjì náà tún rèé, lọ́nà mìíràn: láìsí ẹlẹ́rìí láàrin, ó ṣòro kí ọmọ ogun kan kúrò kí ó sì gbàgbọ́ pé a kò ní fìyà jẹ àwọn èèyàn tó fi sílẹ̀.

Àwọn èèyàn náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kó ẹrù wá sí apá Nàìjíríà, wọ́n sì ń ráhùn títí di òní pé ibi tí wọ́n kó àwọn sí kò jọ ibi tí àwọn ti wá. Omi tí wọ́n ti ń pẹja kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n ní 1913. Kò sí ìbò tó bi wọ́n ní 2006 pẹ̀lú. Tíọ́rì tó bá kà orílẹ̀-èdè nìkan sí kò ní rí wọn. Àkọsílẹ̀ tó bá jẹ́ ti ìjọba nìkan kò ní gbọ́ ohùn wọn.

7. Ìkìlọ̀ kan

A kò sọ pé kí a máa fi ìtàn wé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀. Ìtàn tí a kò bi léèrè lè ṣi ni lọ́nà ju àìmọ̀ lọ. Ní 1938, ní Munich, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi apá kan ilẹ̀ Czechoslovakia lé Hitler lọ́wọ́, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 1956, nígbà tí Nasser gba odò Suez fún Íjíbítì, Eden tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wò ó, ó rí àwọn apàṣẹwàá ọdún 1930 sí 1939. Ó kó ogun lọ, Amẹ́ríkà kò tì í lẹ́yìn, ó sì fi ìtìjú padà. Nasser kì í ṣe Hitler, Íjíbítì kì í sì í ṣe Jámánì. Eden mọ ìtàn. Ohun tí kò ṣe ni kí ó béèrè ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Iṣẹ́ tíọ́rì gan-an nìyẹn.

8. Àbá

Ohun mẹ́ta ni a dá lábàá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ olùkọ́.

Èkíní, kí a má ṣe kọ́ tíọ́rì kankan láì mú ìwé kan ṣoṣo wá tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dán an wò. Ìwé àdéhùn 1886, àdéhùn 1884 àti ìdájọ́ 2002 ṣeé kà nínú kíláàsì, a sì lè túmọ̀ abala wọn sí èdè tí àwọn ọmọ náà ń sọ.

Èkejì, kí a máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà ní Ìbàdàn, Enugu àti Kàdúná. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fọwọ́ kan lẹ́tà tí aṣojú ìjọba kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò ní fojú kan náà wo ìròyìn àná mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó wà ní ẹ̀bá ààlà, ní èdè wọn. Johnson kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwọn tó wà ní apá kejì ní ìtàn tiwọn tí kò sí nínú ìwé. Irú ìpàdé elédè púpọ̀ bí èyí ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ní Kúbà, àkọsílẹ̀ tó jáde pẹ́ ló yí tíọ́rì tí gbogbo ayé ń kọ́ padà. Ní Kírìjì, ìbéèrè tíọ́rì ló jẹ́ kí a rí ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ní Bàkásì, ẹni tó bá mú ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ kò ní mọ ìdí tí a fi pàdánù ẹjọ́, kò sì ní mọ ìdí tí a fi pa ìdájọ́ náà mọ́. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún bi wá pé kí ló kan òun nínú ìwé 1913, ìdáhùn wà. Àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jìyà ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Olórí tí a ń kọ́ lónìí ni yóò tọwọ́ bọ irú rẹ̀ lọ́la. Ó yẹ kí ó mọ bí ìwé ṣe ń pẹ́ lórí ilẹ̀ ju ọwọ́ tó kọ ọ́ lọ.